Bí Àgbà Akọrin Bá Lé Orin, Ta Ni Yóò Gbè É?

Orin ìbílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá kọ tán. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù lọ ni yóò lé e. Àwọn tí ó kù ni yóò gbè é. Nígbà tí àgbà akọrin bá dìde ní ìta gbangba, tí ó gbé ohùn sókè, tí ó sì dákẹ́ díẹ̀, kì í ṣe pé èémí rẹ̀ ti tán. Ó ń retí wa ni. Àlàfo tí ó fi sílẹ̀ yẹn jẹ́ apá kan nínú orin náà, àwa tí a pé jọ síwájú rẹ̀ ni a sì ni ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Parakou gidigidi. Ìlú tí èdè pọ̀ sí ni ìlú wa. Ìkànìyàn ọdún 2013 ka ènìyàn 255,478 níbẹ̀, ilé tí wọ́n sì ti ń sọ èdè kan ṣoṣo láàárín wọn kò pọ̀. Ìbàrìbá ni èdè ilẹ̀ náà. Dendi ni a fi ń nájà ní Arzèkè. Faransé ni ti ilé ẹ̀kọ́ àti ti ọ́fíìsì. Yorùbá, Fọ̀n àti Fúlàní ń dún láti ojúlé kan dé èkejì. Bí a bá wá ṣe àjọ̀dún orin ní ìta, tí a pe àgbà olórin Yorùbá wá sí orí pèpéle, èrò á pé, fóònù á gòkè, àtẹ́wọ́ á ró. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlàfo ègbè bá dé, ohùn àwọn tí irun wọn ti ń funfun ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn ọmọ wọn ń ya fídíò.

A kò sọ èyí láti bá ọ̀dọ́ wí. Ẹni tí a kò kọ́ ní ègbè kò lè gbè. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí àgbà akọrin bá ń kọrin ní gbangba, kí a wo ibi tí àṣà náà ti wá, kí a sì bi ara wa léèrè ohun tí ó yẹ kí a ṣe kí àlàfo náà má baà di òfo.

Agbo tí ó ti wà kí pèpéle tó dé

Àwọn kan rò pé láti ọwọ́ àwọn Òyìnbó ni a ti gba àṣà pípéjọ sí ìta láti gbọ́ orin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí iná mànàmáná tó dé, kí ẹnikẹ́ni tó kan pèpéle, àwọn baba wa ti ń kó gbogbo ìlú jọ sí ojú ọjà ní òru láti gbọ́ ohùn akọrin kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù lọ, kí ó yí ojú sí ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè wa, sí Kétu, sí Pobè àti Sakété, níbi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti fìdí múlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nípa igi gbígbẹ́ tí àwọn oníjó máa ń dé sórí, èyí tí a ń rí nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri àgbáyé. Wọ́n mọ ijó ọ̀sán. Ṣùgbọ́n òru ni orin ní tirẹ̀, òru náà ni a sì ń pè ní Ẹ̀fẹ̀. Ojú ọjà ni a sábà máa ń lò, nítorí pé ọjà ni ibùjókòó àwọn ìyá. Àwọn onílù á kọ́kọ́ jókòó ti ìlù wọn. Àwọn elégbè á tò. Èrò á yí agbo ká, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú dáadáa. Àwọn eégún kéékèèké á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣí ọ̀nà. Ní Kétu, ọ̀kan tí ń jẹ́ Tètèdé ni ó máa ń pe olórí akọrin jáde.

Olórí akọrin náà ni Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀. Kì í sáré yọ. Irin tí ó so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó rí i. Nígbà tí ó bá dúró ní agbo, tòun ti igi gbígbẹ́ lórí àti ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, kò ní í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwàdà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwàdà ni orúkọ rẹ̀ ń sọ. Ìjúbà ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Yóò júbà àwọn òrìṣà, yóò júbà Ìyá Ńlá àti gbogbo àwọn ìyá tí ó ni ọjà, yóò júbà àwọn tí ó ti kọrin náà ṣáájú rẹ̀ tí wọ́n ti lọ, yóò júbà àwọn àgbà tí ó wà ní ìjókòó. Ìjúbà lè gùn. Kò sí ẹni tí ń kánjú. Ẹni tí kò bá júbà tán, kò tíì gba àṣẹ láti sọ ohun tí ó fẹ́ sọ.

Lẹ́yìn ìjúbà ni ọ̀rọ̀ yóò wá dé. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ á bú olè, á fi alágbèrè ṣe yẹ̀yẹ́, á kìlọ̀ fún ìjòyè tí ń jẹ owó ìlú, á sọ ìtàn bí a ṣe tẹ ìlú dó, á dárúkọ àwọn tí ó kú láàárín ọdún, á sì tọrọ òjò, ọmọ àti àlàáfíà fún gbogbo ilé. Ohun tí a kò lè sọ lójú ẹni ní ọ̀sán, òun lè sọ ọ́ lóru níwájú ìlú, kò sì sí ẹni tí yóò mú un fún un. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn nìkan. Ẹni tí ó mọ ìlú, tí ó mọ ìtàn, tí ó mọ ibi tí ẹ̀fẹ̀ parí sí tí ìwọ̀sí ti bẹ̀rẹ̀, ni a ń gbé e lé lọ́wọ́.

Bí ó bá lé orin kan, á tún un lé. Àwọn elégbè á gbà á. Láìpẹ́, àwọn tí ó wà ní eteetí agbo á ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá fi máa di ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin, gbogbo ọjà ni ó ń gbè é. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, orin náà kì í ṣe ti Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó ti di ti àwọn obìnrin tí ń pọnmi àti àwọn ọmọ tí ń lọ sóko. Bí orin ṣe ń di ìrántí ìlú nìyẹn: ẹnu àwọn tí ó gbè é ni ó ń gbé e lọ sílé.

Àwọn baba wa ní ojú tí ó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran. Àgbáyé náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àtẹnudẹ́nu pàtàkì fún gbogbo ọmọ aráyé, ní orúkọ orílẹ̀-èdè Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ní ọdún 2008, a kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tuntun tí àjọ náà ṣe fún irú ogún bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n tẹnu mọ́, kì í ṣe igi gbígbẹ́ nìkan. Àjọ kan náà kìlọ̀ nípa ohun méjì: pé ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ ń dínkù bí ẹ̀rọ ìgbàlódé ti ń gbòde, àti pé ìrìn-àjò afẹ́ lè sọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ di eré ìpàtẹ lásán fún àlejò.

Ohun tí ọjọ́ orí ń fi kún ohùn

Ẹni tí ó bá lọ wo àgbà akọrin pẹ̀lú etí tí a fi ń gbọ́ orin rédíò lè rò pé ó ti pẹ́ jù. Ohùn lè há. Èémí lè kúrú. Ẹsẹ̀ lè má gbé ijó bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tí ọjọ́ orí ń gbà lọ́wọ́ akọrin ní agbára ọ̀fun, ó ń dá a padà fún un ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó bá tún bá àgbà akọrin pàdé ní agbo, ohun mẹ́rin wà tí a bẹ̀ yín kí ẹ tẹ́tí sí.

Ìkíní ni ìjúbà. Ẹ máa kà á: ta ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, ta ni ó dárúkọ kẹ́yìn? Nínú ìjúbà ni akọrin ti ń sọ ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́. Orúkọ wọ̀nyí ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ wọn dáadáa, ẹ ó mọ ibi tí orin náà ti gbà wá sí ọ̀dọ̀ yín, bóyá láti Kétu, láti Ṣábẹ̀ẹ́, tàbí láti òkè Ògùn.

Ìkejì ni oríkì. Àgbà akọrin kì í kọrin sí afẹ́fẹ́. Ojú rẹ̀ ń lọ káàkiri agbo; bí ó bá rí ẹnì kan tí ó mọ ilé rẹ̀, á ki í. Láàárín gbólóhùn mẹ́ta, ẹni tí ó wá ta aṣọ ní Parakou ti di ọmọ ìdílé kan, ọmọ ìlú kan, ọmọ òrìṣà tàbí ọmọ ogun kan. Mélòó nínú wa ni yóò mọ̀ pé àwa ni ó ń pè, bí ó bá ki wa? Ọ̀dọ́ tí kò mọ oríkì ilé rẹ̀ lè jókòó níwájú ẹni tí ń yìn ín, kí ó má mọ̀.

Ìkẹta ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín rẹ̀ àti ìlù. Èdè olóhùn ni èdè wa. Ìdí nìyẹn tí ìlù fi lè sọ̀rọ̀. Àgbà tí ó ti bá onílù kan náà rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún lè bẹ̀rẹ̀ òwe kí ìlù bá a parí rẹ̀, tàbí kí ìlù kọ́kọ́ sọ ọ́ kí òun wá tú u. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìlù gẹ́gẹ́ bí ariwo lásán ti pàdánù ìdajì ìjíròrò náà.

Ìkẹrin ni ìdákẹ́. Ọ̀dọ́ akọrin sábà máa ń bẹ̀rù àlàfo, á fẹ́ kún un. Àgbà kì í bẹ̀rù rẹ̀. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni orin ti ń kọjá láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Orin tí ó gun orí pèpéle

Kí a má ṣe rò pé máíkì ni ọ̀tá. Orílẹ̀-èdè wa ti bí àwọn tí ó gbé orin ìbílẹ̀ gun orí pèpéle tí kò sì bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Gnonnas Pedro, tí a bí ní Lokossa ní ọdún 1943, tí ó sì kú ní Cotonou ní ọdún 2004, gbé ìlù agbadja wọ inú gìtá àti fèrè, ó sì ń kọrin ní èdè púpọ̀, Yorùbá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ó di àgbà, ó tún dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Africando, ohùn rẹ̀ sì dé ibi tí a kò ti gbọ́ agbadja rí. Ohun tí ó mú lọ ni ohun tí ó gbọ́ nílé.

Ní Parakou níbí gan-an, ẹgbẹ́ Super Borgou de Parakou, tí Moussa Mama Djobo ṣe olórí rẹ̀, fi gìtá àti ìlù ìgbàlódé kọ orin ní èdè ilẹ̀ yìí nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ṣì jẹ́ ọmọdé. Ní ọdún 2012, ilé iṣẹ́ Analog Africa tí ó wà ní Jámánì kó àwọn orin tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1970 sí 1976 jọ sínú àwo kan, wọ́n pè é ní The Bariba Sound. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú sí i: orin tí a kọ ní ìlú wa ní láti lọ sí Jámánì kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó lè rí i gbọ́. Àwo lè tọ́jú lílé. Kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ègbè, àyàfi bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá jókòó tì í.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí ó yẹ kí ará Parakou mọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Málì ni ó ti wá. Ali Farka Touré, tí a bí ní ọdún 1939, jẹ́ àgbẹ̀ àti akọrin ní Niafunké, ní etí odò Ọya. Èdè Songhay wà lára àwọn èdè tí ó fi ń kọrin, Dendi tí a fi ń nájà ní Arzèkè sì jẹ́ ọmọ ìyá Songhay. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn dé Amẹ́ríkà, tí ó sì ti gba ẹ̀bùn Grammy, ó tún padà sí oko rẹ̀. Nígbà tí ó tó àsìkò láti ṣe àwo mìíràn, olóòtú rẹ̀ ni ó gbé ẹ̀rọ wá bá a ní Niafunké. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi sọ àwo tí ó jáde ní ọdún 1999. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, ó kọrin ní Festival au Désert ní Essakane, nínú iyanrìn, ní ibi tí ó tó kìlómítà 65 sí Timbuktu. Àwọn Tuareg lórí ràkúnmí àti àlejò láti Yúróòpù jọ wà níbẹ̀. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ní ọdún 2004 ó di olórí ìlú Niafunké. Ní oṣù kẹta ọdún 2006 ó fi ayé sílẹ̀.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àjọ̀dún náà? Ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn ní agbègbè Timbuktu. Ogun dé ní ọdún kan náà, àwọn ológun tí ó gba àríwá Málì sì fòfin de orin. A sọ èyí kí a lè mọ̀ pé ìpéjọ ìta gbangba kì í ṣe ohun tí a lè fojú kéré. Bí kò bá sí àlàáfíà, kò sí agbo. Bí kò bá sí agbo, kò sí ibi tí àgbà yóò ti lé orin. Ọjọ́ tí a bá lè jókòó papọ̀ ní ìta títí di òru, kí a gbọ́ ohùn arúgbó kan, ọjọ́ ọrọ̀ ni.

Àwọn tí ó ní ẹjọ́ láti rò

Àwọn ọ̀dọ́ kan á wí pé: «Èdè tí n kò gbọ́ dáadáa, báwo ni mo ṣe lè gbè é?» Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí orin Lingala ṣe tàn káàkiri Áfíríkà. Àìmọye ènìyàn ni ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìgbọ́ Lingala. Etí ni ó kọ́kọ́ ń kọ́ orin. Ìtumọ̀ ń tẹ̀ lé e. Ègbè kì í sì í gùn. Gbólóhùn kan tàbí méjì ni, bẹ́ẹ̀ ni a ń tún un sọ. Ẹni tí ó bá mọ ègbè márùn-ún ti ní gbólóhùn Yorùbá mẹ́wàá lẹ́nu pẹ̀lú ohùn wọn tí ó péye, nítorí pé orin ìbílẹ̀ kì í ṣi ohùn ọ̀rọ̀ gbé. Kò sí ìwé tí ó lè kọ́ ni ní àmì ohùn tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn òbí kan náà á wí pé: «Orin òrìṣà ni, àwa sì ti di mùsùlùmí,» tàbí «àwa ti di onígbàgbọ́.» Ẹ̀rí-ọkàn olúkúlùkù ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orin àgbà kò mọ sí ti òrìṣà. Ẹkún ìyàwó wà. Orin iṣẹ́ oko wà, orin aremọ wà, àpàlà wà. Wákà tí àwọn ìyá wa máa ń kọ fún ẹni tí ó ti Mẹ́kà dé wà pẹ̀lú. Wéré tí a fi ń jí ènìyàn fún sààrì nínú oṣù ààwẹ̀ ni ó bí fújì, ìta gbangba ni a sì ti ń kọ ọ́, láti ojúlé dé ojúlé. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbe orin kan, kí ó wá èyí tí ó lè gbè. Ohun tí a kò fẹ́ ni pé kí ó má gbe ọ̀kankan.

Ẹjọ́ kẹta wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olùṣètò. Wọ́n ní àkókò kò tó, àwọn olórin pọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n lè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fún àgbà akọrin ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti ní kí ó yan láàárín ìjúbà àti orin. Bí ó bá júbà, wọ́n á ní ó pẹ́. Bí kò bá júbà, ọkàn rẹ̀ kò ní í balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni eré ìpàtẹ tí UNESCO kìlọ̀ fún wa ṣe ń bẹ̀rẹ̀: a ó gé ìjúbà kúrò, a ó gé àwọn elégbè kúrò nítorí owó ọkọ̀, ohun tí ó kù á wá jẹ́ arúgbó kan tí ó wọ aṣọ àtijọ́, tí ó dá dúró níwájú iná.

Ohun tí ọwọ́ wa lè ká

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ wà fún olúkúlùkù.

Fún ẹ̀yin olùṣètò: bí ẹ bá pe àgbà akọrin, ẹ pe òun àti àwọn elégbè rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e jìnnà sí àwọn ènìyàn jù. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí èrò yí i ká bí agbo, nítorí pé ojú ni ó fi ń mọ ẹni tí yóò kì. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan jáde, kí ó fi Yorùbá, Dendi àti Faransé sọ ohun tí orin náà dá lé, kí ó sì kọ́ àwọn èrò ní ègbè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pọ̀ jù fún un. Ẹ ó rí i pé fóònù tí ó gòkè á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé ẹni tí ń gbe orin sábà máa ń fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì pàtẹ́wọ́.

Fún ẹ̀yin òbí: ọ̀pọ̀ nínú yín bá ọ̀nà ojú irin wá, tàbí àwọn òbí yín ni ó bá a wá. Láti ọdún 1936 tí ojú irin láti Cotonou ti dé Parakou, tí ó gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, ni àwọn ènìyàn wa ti ń gbé ẹrù àti orin wọn bọ̀ ní ìlú yìí. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní oríkì ilé. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n tán, ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní abúlé, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù.

Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́: fóònù yín kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ kàn kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà kí ẹ tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀; ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi í ṣe. Ẹ má ṣe gba lílé nìkan, ẹ gba ègbè pẹ̀lú. Ẹ béèrè ẹni tí ó kọ́ ọ ní orin náà, ìlú tí ó ti kọ́ ọ, àsìkò tí a máa ń kọ ọ́, àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò yé yín. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù sí àpò, ẹ kọ orin náà fún àgbà náà kí ó gbọ́. Yóò tún ohùn yín ṣe. Àtúnṣe yẹn ni ẹ̀kọ́ náà gan-an, ẹ̀rọ kankan kò lè ṣe é fún yín.

Nígbà tí ọdún Gaani bá sì dé ní Nikki, tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìbàrìbá bá yọ, tí kàkàkí bá ń dún, tí àwọn akígbe ń ka orúkọ àwọn ọba, ẹ lọ wò ó, kí ẹ sì kíyèsí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀. Bí a bá dárúkọ baba ńlá wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n. Orí wọn máa ń wú. Kò sí ohun tí ó ní kí ti àwa Yorùbá Parakou yàtọ̀.

Àwọn àgbà akọrin tí ó kù láàárín wa kò pọ̀, wọn kò sì tọrọ nǹkan ńlá. Wọ́n tọrọ ìjókòó, omi mímu, onílù tí etí rẹ̀ mú, àti àwọn ènìyàn tí yóò dá wọn lóhùn. Mẹ́ta àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ àwọn olùṣètò. Ìkẹrin wà lẹ́nu wa.